Notorious tàbí North by Northwest: èwo ni kí ẹ wò?

Alfred Hitchcock ló darí fíìmù méjèèjì, Cary Grant ló sì jẹ́ ọ̀gá òṣèré nínú wọn. Notorious (1946) kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 100 lọ; North by Northwest (1959) gùn tó 136.

Dúdú àti funfun ni Notorious. Ní Rio de Janeiro, obìnrin tí Ingrid Bergman ṣe gbà láti fẹ́ ọ̀tá tí wọ́n rán an láti ṣe amí rẹ̀, ẹni tí obìnrin náà sì nífẹ̀ẹ́ tọkàntọkàn (Cary Grant) ń wò ó níran, kò dá a dúró. Ìyẹn gan-an ló ń dunni! Kọ́kọ́rọ́ yàrá wáìnì kan ṣoṣo ń já láyà ju ìbọn lọ, májèlé sì wà nínú kọfí.

North by Northwest ní àwọ̀, ẹ̀rín, àti bàálù tó ń lé èèyàn kiri pápá. Ìfẹ́ inú rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ lójú tèmi.

Bí ẹ bá ń wò ó pẹ̀lú ẹni tí fíìmù àtijọ́ tètè ń sú, North by Northwest ló yá. Bí ẹ bá fẹ́ ìtàn ìfẹ́ tó gba sùúrù, ẹ mú Notorious.