Lọ́yà méjì tí a lò fún ẹjọ́ àbúrò mi ní Houston

Ọdún kẹta tí àbúrò mi gba green card ni wọ́n fẹ̀sùn olè kàn án. Misdemeanor Class A ni, ẹjọ́ kékeré lójú Texas.

Lọ́yà àkọ́kọ́ gba dọ́là 2,000. Ó máa ń gbé ìpè, kì í pẹ́ dé kóòtù. Ó ní kí àbúrò mi gbà pé òun jẹ̀bi, kó gba deferred adjudication: kò ní ṣẹ̀wọ̀n, tó bá sì ti pa òfin mọ́ títí àsìkò náà fi pé, kóòtù á da ẹjọ́ nù. Ìyá wa ti ń dúpẹ́ lórí fóònù láti Ìbàdàn. Kò sígbà kan tí lọ́yà yìí béèrè ibi tí wọ́n bí àbúrò mi sí.

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ní ká má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan, ká lọ rí obìnrin kan tó mọ òfin ìmígíréṣọ̀n. Kí obìnrin yìí tó ṣí fáìlì ló ti béèrè ọjọ́ tí àbúrò mi wọ Amẹ́ríkà. Ó ní Texas lè má ka deferred sí ìdálẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi, tí adájọ́ fún ní probation, ìyẹn àsìkò tí wọ́n á máa ṣọ́ ọ dípò ẹ̀wọ̀n, ìmígíréṣọ̀n ti dá a lẹ́bi nìyẹn. Ẹ̀sùn olè kan ṣoṣo láàárín ọdún márùn-ún téèyàn wọlé, tí ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún kan bíi ti àbúrò mi, tó láti fi dípọ́ọ̀tì ẹni. Àyà mi já.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀tọ́ wa ni. Láti 2010, nínú ẹjọ́ Padilla v. Kentucky, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí lọ́yà kìlọ̀ fún oníbàárà tí kì í ṣe ọmọ ìlú pé gbígbà tó fẹ́ gbà pé òun jẹ̀bi lè mú kí wọ́n lé e. Padilla, oníbàárà inú ẹjọ́ náà, ti lò ju 40 ọdún níbẹ̀, ó ti bá wọn jagun ní Vietnam. Lọ́yà rẹ̀ ní kó má dààmú, ó ti pẹ́ nílùú.

Dọ́là 3,500 ni lọ́yà kejì gbà, díẹ̀díẹ̀ la san án. Ó ṣòro láti bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n pretrial diversion ló bá wa gbà, ètò tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́ dúró kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò ti sí pé à ń gba ẹ̀bi rárá. Nísàlẹ̀ ìwé tí agbẹjọ́rò ìjọba kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, gbólóhùn kan wà pé àbúrò mi gbà pé òun ṣe é. Lọ́yà kejì fi bírò pupa fa ìlà lé e, ó dá ìwé padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi fà á kí wọ́n tó yọ ọ́.

Wọ́n ti da ẹjọ́ náà nù. Lọ́yà kejì ní kí àbúrò mi tọ́jú ẹ̀dà tí kóòtù lù lóǹtẹ̀, kó máa mú un dání tó bá ń ti Nàìjíríà bọ̀. Inú báàgì páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ ló wà.