Owó Notar tá a san lórí ilé tuntun wa ní Dortmund

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Jámánì tẹ́ ẹ ń wá ilé rà, mo fẹ́ sọ ojú tí mo fi rí owó Notar (òṣìṣẹ́ òfin tó ń ṣe ìwé ríra ilé níbí) fún yín, torí òun ló kọ́kọ́ já mi láyà nígbà témi àtìyàwó mi fẹ́ ra ilé ní 2022. Wọn ò tíì kọ́ ilé ọ̀hún rárá o, ilẹ̀ lásán la lọ wò, 400,000 yúrò ni tilétilẹ̀.

Bá a ṣe máa ń ná lọ́yà lówó àgírímẹ́ǹtì nílé ló wà lórí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ́fíìsì Notar kiri bóyá màá rí èyí tó dínwó. Kò sí. Òfin tí wọ́n ń pè ní GNotKG ló gé e, iye ilé ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, Notar ò láṣẹ láti bù ú kù fún ẹnikẹ́ni.

Bíìlì tiwa: ìwé ríra ilé àtàwọn iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e jẹ́ bíi 2,800 pẹ̀lú VAT, ìwé Grundschuld tí báǹkì fi di ilé mú torí owó tí wọ́n yá wa jẹ́ bíi 750, kóòtù tó kọ orúkọ wa sínú Grundbuch, ìwé ìjọba tí wọ́n ń kọ orúkọ onílé sí, náà gba bíi 1,800 tiẹ̀ lọ́tọ̀. Owó tó dùn wá wọra ni owó orí ìjọba, 6.5% ni ní ìpínlẹ̀ NRW (Nordrhein-Westfalen) níbí, 26,000 gbáko, wọn ò sì gé e lórí ilẹ̀ nìkan, tilétilẹ̀ ni. Ẹ má bá Notar jà nítorí ìyẹn.

Kí la wá rí gbà? Ẹni tó ń tà á fẹ́ ká wá sáìnì láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ó ní èèyàn pọ̀ tó ń dúró de ilé náà. Obìnrin Notar yẹn kọ̀ jálẹ̀, ó ní òfin sọ pé ìwé gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta la pè é láàárín ìgbà yẹn, kò gba kọ́bọ̀ lé e. Òun ló là á yé mi pé bí ilé bá ṣe ń gòkè là ń sanwó, pé 3.5% tó kẹ́yìn ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ wa àfi tí wọ́n bá parí gbogbo ẹ̀.

Lọ́jọ́ tá a sáìnì, ó ka gbogbo ìwé náà sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Ojú ewé 31 ló kà dé tíyàwó mi fọwọ́ kàn mí, nọ́ńbà 14 ni wọ́n kọ síbi tá a máa páàkì mọ́tò sí, 17 ló wà lórí pláànù tá a mú dání. Notar dúró, ó fa igi pa á, ó kọ 17 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gbogbo wa sì gbọ́.

Ẹ fi sọ́kàn pé Notar kì í ṣe lọ́yà yín, kì í sì í ṣe tẹni tó ń tà. Kò ní sọ fún yín bóyá ilé wọ́n jù tàbí wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Tí Jámánì yín ò bá sì já gaara, ẹ gba ògbufọ̀, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ẹ̀, àwa san 300 torí ìyàwó mi.

Mo fún Notar wa ní 4 nínú 5. Mo yọ ọ̀kan torí ó ń yára kàwé jù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó rọra kó tó gbọ́.