Ìwé Ìtàn Tó Yẹ Kí Ọmọ Àkúrẹ́ Kọ́kọ́ Rà

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó bá béèrè ìwé ìtàn, The History of the Yorubas ti Samuel Johnson ni mo ń kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Johnson parí rẹ̀ ní 1897, àfọwọ́kọ náà sọnù, òun náà sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, ló tún un kọ títí tó fi jáde ní 1921. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ìtàn Lámúrúdu, bàbá Odùduwà, o! Ibi ogun Kírìjì, ogun Ìbàdàn pẹ̀lú Èkìtì Parapọ̀, ni kí ẹ ṣí, nítorí Johnson wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí bùdó àwọn ológun. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ló gba ọkàn rẹ̀. Ìtàn Àkúrẹ́ àti Oǹdó kò tó nǹkan níbẹ̀, ìyẹn sì ń dùn mí gan-an. Ẹ̀dà tí mo rà nítòsí Ọjà Ọba, lẹ́tà rẹ̀ kéré.