Wọ́n Sanwó fún Mi Kí N Gbin Igbó Sẹ́yìnkùlé

Nígbà tí ìyá mi dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó sọ́dọ̀ wa ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, nínú oṣù karùn-ún, wọn ò tíì bọ́ bàtà tán tí wọ́n fi lọ dúró sójú fèrèsé ilé ìdáná. Wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé títí. Wọ́n ní, "Àdùkẹ́, ṣé kò sí ọkùnrin nínú ilé yìí ni? Igbó ti fẹ́ gba ilé mọ́ yín lọ́wọ́."

Mo ní, "Mọ́mì, ìjọba ló sanwó igbó yẹn."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alaalẹ́ ti ń yí lórí.

Ó yé mi. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, kùtù òwúrọ̀ la ti ń gbálẹ̀ dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tí koríko bá yí ilé rẹ̀ ká, ọ̀lẹ ni, tàbí kó jẹ́ pé onílé ti kú. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi ní Ìbàdàn lórí fóònù pé wọ́n ń fún wa lówó láti gbin igbó, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á: "Ẹ̀gbọ́n mi, igbó wo?" Mo ní kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fà (ìyẹn náà ti bófin mu fún àgbàlagbà ní Maryland látọdún 2023, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn).

Ilé wa wà níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Ẹ̀yìnkùlé lọ parí sí odò kékeré kan tó ń ṣàn bọ́ sínú odò Patuxent, tí Patuxent sì ń gbé e lọ sínú ọ̀sà ńlá Chesapeake. Ọdún mẹ́sàn-án la fi ń gẹ koríko dé etí omi gan-an. Dádì Tóbi a da ajílẹ̀ sí i nígbà tí òtútù bá lọ, òjò a sì gbọ́n ọn lọ sínú odò. Bèbè ń ya, ó ń ya, títí jangirọ́fà àwọn ọmọ fi ṣubú sínú omi lóru ọjọ́ kan. Gbòǹgbò koríko ò jìn, kò lè di bèbè mú. Ajílẹ̀ tó bá dé Chesapeake a máa mú èéhọ̀n hù bo omi. Tí èéhọ̀n yẹn bá kú tó ń jẹrà, a gba atẹ́gùn inú omi mọ́ ẹja àti alákàn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí òfin Maryland fi ní kí ẹnikẹ́ni má da ajílẹ̀ sí koríko ilé láti ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá sí ọjọ́ 1 oṣù kẹta. Ìdí nìyẹn náà tí owó fi wà fún ẹni tó bá fẹ́ hú koríko rẹ̀ kúrò, kó gbin ewéko tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ dípò.

Ọ̀nà méjì ni mo gbà, wọn ò sì dọ́gba rárá.

Àkọ́kọ́ ni owó àdápadà ti káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ níbí. Mi ò ní dárúkọ káúńtì wa, nítorí iye àti ìlànà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. O máa kọ fọ́ọ̀mù, o máa ya fọ́tò, o máa ya àwòrán ibi tí o fẹ́ gbìn. Òṣìṣẹ́ wọn á wá wò ó. Ẹ gbọ́ o: ẹ má fọwọ́ kan ṣọ́bìrì kí lẹ́tà ìyọ̀ǹda tó dé. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ìjọ wa ti gbìn tán kó tó kọ fọ́ọ̀mù, kọ́bọ̀ ò kàn án. Lẹ́yìn ìyọ̀ǹda, owó ara rẹ lo máa fi ṣe é, wàá kó rìsíìtì jọ, wọ́n á tún wá wò ó, wàá kọ W-9 (fọ́ọ̀mù owó orí), wàá wá jókòó máa retí ṣẹ́ẹ̀kì.

Owó tó jáde lápò wa jẹ́ dọ́là 3,140. Èyí tó padà wá jẹ́ 2,200. Mi ò bínú sí ìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún ni ṣẹ́ẹ̀kì fi rìn. Mo pè, ẹ̀rọ ló ń dáhùn. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n ní ó ti wà "lórí ìlà". Owó tíkẹ́ẹ̀tì Mọ́mì ló wà nínú ilẹ̀ yẹn o! Oṣù kejì ló yẹ kí wọ́n ti dé. Ẹni tí kò bá ní owó tó lè gbàgbé fún ìdajì ọdún, kó má tíì dá a láṣà.

Òṣìṣẹ́ tó wá wò ó ṣe dáadáa ní tirẹ̀, ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà tó sì mọ orúkọ gbogbo ewé. Òun ló ní kí n fi ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀ láàárín, kí n máa gẹ̀ ẹ́, kí eégbọn má baà máa lẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Agbẹ́lẹ̀ tí a gbà ni mi ò ní gbà mọ́ láéláé: gbòǹgbò tó ti lọ́ yípo nínú ike, kò tú u, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rì í mọ́lẹ̀. Igi kékeré méjì kú kí ooru tó parí.

Nínú ìwé ewéko tí wọ́n fọwọ́ sí ni mo ti rí "pawpaw". Inú mi dùn débi pé mo kọ méjì. Ìbẹ́pẹ ní Maryland! Nígbà tó dé, mo wo ewé rẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n ti mú mi. Soursop ló bá tan, kì í ṣe ìbẹ́pẹ wa. Èso rẹ̀ dà bíi máńgòrò tútù, inú rẹ̀ rọ̀ bíi kọ́sítáàdì, ó sì ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Inú ọjà ni mo ti ra èyí tí mo tọ́ wò. Tèmi ṣì máa pẹ́ kó tó so. Méjì tí mo ṣèèṣì rà ló gbà mí, torí igi kan ṣoṣo kì í sábà so. Àgbọ̀nrín kì í sì í fẹ́ jẹ ewé rẹ̀.

Àgbọ̀nrín! Ẹran tí à ń lé kiri nínú igbó nílé, níbí òun ló ń wá bá èèyàn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òdòdó tí mo ra ní dọ́là mẹ́rìnlá ẹyọ kan, alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n jẹ márùn-ún. Mọ́mì ní tó bá jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ọbẹ̀ ì bá ti jinná.

Ọ̀nà kejì ni Backyard Buffers, ètò iléeṣẹ́ ìjọba Maryland tó ń bójú tó igi àti igbó ẹgàn. Ọ̀fẹ́ ni. Bí odò tàbí kòtò omi bá wà lórí ilẹ̀ rẹ tàbí nítòsí rẹ̀, ní káúńtì tí ètò náà ti wà, wọ́n á fún ọ ní àpò igi kékeré tó tó ogún sí ọgbọ̀n, gbòǹgbò lásán láìsí iyẹ̀pẹ̀. Oṣù kẹrin ni mo lọ gba tiwa nínú ọgbà ìtura kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti padà sínú ọkọ̀. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, ojú tì mí díẹ̀. Èmi àti Tóbi fi ọ̀sán Sátidé kan gbìn wọ́n sí bèbè, a fi ọ̀pá ike bo ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí àgbọ̀nrín. Mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́rìnlélógún ló yè. Ní ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e, bèbè ò ya níbi tí a gbìn sí.

Àwọn HOA (ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, tó ń ṣòfin bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ rí) kọ lẹ́tà sí wa pé ẹ̀yìnkùlé wa "rí wúruwùru". Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Tọkọtaya kan ní Columbia, níbí ní Maryland, ti gbé irú ẹjọ́ yìí lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ló bí òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2021, pé HOA ò lè fipá mú onílé pé koríko nìkan ni kó gbìn. Mo tọ́ka sí òfin náà nínú èsì mi, mo gẹ etí rẹ̀ kó gún, mo fi òkúta tò ó. A ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́ta fún owó káúńtì, nítorí ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún. Márùn-ún fún àpò igi ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá ní odò, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tètè forúkọ sílẹ̀ kí òtútù tó lọ.

Mọ́mì ti ń mú àga lọ sẹ́yìnkùlé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ báyìí láti máa wo labalábá, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bi mí pé kí ló dé tí ewúro ò sí nínú ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí.