Máńgòrò àbí Píà: Èwo Ni Ilẹ̀ Yín Lè Gbà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọmọ igi eléso sábà máa ń kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé èso wo ni òun fẹ́ràn jù. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Lójú, máńgòrò àti píà jọra: àwọn méjèèjì kì í wọ́wé tán, ibòji wọn tutù, ilẹ̀ olóoru sì ni orírun wọn. Ìhà Íńdíà ni máńgòrò ti wá, Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà sì ni ti píà. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti yàtọ̀, débi pé ibi tí ọ̀kan ti ń gbilẹ̀, èkejì lè kú síbẹ̀.

Ẹ gbẹ́ ihò kí ẹ tó náwó

Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà níbi tí ẹ fẹ́ gbin igi sí. Ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ fà á mu, kí ẹ tún bu òmíràn kún un. Ẹ padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má ra píà fún ibẹ̀ yẹn.

Gbòǹgbò píà kì í jìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í kọjá 60 sẹ̀ǹtímítà yẹn, irun wínníwínní tí gbòǹgbò igi mìíràn fi ń fa omi kò sì tó nǹkan lára tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òùngbẹ fi máa ń tètè mú un, tí omi sì tún máa ń tètè pa á. Tí omi bá dúró, afẹ́fẹ́ á tán nínú ilẹ̀, àrùn tí wọ́n ń pè ní Phytophthora cinnamomi á sì ba gbòǹgbò náà jẹ́. Igi píà méjì ni mo pàdánù lọ́nà yìí. Ewé wọn ń rọ, mo rò pé òùngbẹ ni, mo sì ń bomi rin wọ́n sí i. Nígbà tí mo hú èkejì, gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ń já mọ́ mi lọ́wọ́ bí okùn tó ti jẹrà. Omi tí mo fi ń tọ́jú rẹ̀ ló pa á. Ó dùn mí gan-an, torí ọdún kejì wọn nìyẹn.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ píà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kó erùpẹ̀ jọ bí ebè ńlá, kó ga tó orúnkún, orí rẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín sí. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ewé náà kan ìtì igi. Ẹ má sì fi ọkọ́ ro ìdí rẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fa koríko ibẹ̀.

Máńgòrò kò ní wàhálà tó báyìí. Ìbátan kajú àti ìyeyè ni, ó sì le bíi tiwọn. Olórí gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ tó mítà 6, ó lè gba ilẹ̀ oníyanrìn, ilẹ̀ olókùúta, kódà ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Ẹ bomi rin ín fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ á máa wá omi mu.

Ojú ọjọ́ ìgbà tí wọ́n ń tanná

Ibí ni máńgòrò ti ní ìnira tirẹ̀. Ó nílò ẹ̀ẹ̀rùn gidi kó tó lè tanná dáadáa. Tí òjò bá ń rọ̀ lásìkò òdòdó, àrùn olú á mú òdòdó náà, á dúdú, á sì rẹ̀ dànù. Níbi tí òjò ti ń rọ̀ yíká ọdún, ewé rẹpẹtẹ lẹ máa rí, èso kò ní tó nǹkan. Ajílẹ̀ tó pọ̀ jù náà máa ń fa irú rẹ̀.

Ní ti píà, ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà ló fẹ́. Atẹ́gùn gbígbóná máa ń gbọn òdòdó rẹ̀ dànù, ẹ̀ka rẹ̀ sì máa ń tètè ṣẹ́. Bí ẹ bá wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó gbóná, ẹ béèrè ẹ̀yà West Indian. Ẹ̀yà Guatemalan àti Mexican fẹ́ràn orí òkè tó tutù.

Ìtànná píà yà mí lẹ́nu títí mo fi jókòó tì í wò ó. Òdòdó kan ṣoṣo máa ń là lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́ ó là bí abo, ó ti ṣe tán láti gba ìyẹ̀fun òdòdó mìíràn, ṣùgbọ́n kò tíì ní tirẹ̀ nílẹ̀. Ó padé. Lọ́jọ́ kejì ó tún là, ó ti di akọ, ìyẹ̀fun ti yọ lára rẹ̀. Oríṣi méjì ni igi píà pín sí lórí èyí. Oríṣi A, bíi ẹ̀yà Hass, á jẹ́ abo láàárọ̀, á sì di akọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Oríṣi B, bíi ẹ̀yà Fuerte, á jẹ́ abo lọ́sàn-án, á di akọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Igi kan lè dá so, torí àsìkò wọn máa ń wọnú ara wọn nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n bí ààyè bá gbà yín, ẹ ra A kan àti B kan. Máńgòrò kò béèrè irú èyí. Eṣinṣin àti àwọn kòkòrò kéékèèké mìíràn ló ń bá a ṣe iṣẹ́ náà.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olùtà

Èyí tí wọ́n lọ́ ni kí ẹ rà, ìyẹn ọmọ igi tí wọ́n so ẹ̀ka igi tó ń so dáadáa mọ́ lára. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìtì rẹ̀, ẹ máa rí ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ bí àpá ọgbẹ́ tó ti san. Tí kò bá sí àpá, kóró ni wọ́n gbìn. Èyí tí wọ́n lọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún 3 sí 5. Píà tí wọ́n fi kóró gbìn lè tó ọdún 10 kó tó so, kò sì dájú pé èso rẹ̀ á jọ ti ìyá rẹ̀. Ẹ tún wo ìdí ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) tí wọ́n gbìn ín sí: bí gbòǹgbò bá ti yí ara rẹ̀ po, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má tan ara yín lórí ààyè. Máńgòrò tí wọn kò gé lè ga ju mítà 30 lọ. Mítà 10 ni kó wà láàárín igi kan sí èkejì. Píà lè ga tó mítà 20, mítà 8 sì tó o.

Ìlò wọn

Máńgòrò ló ní ìlò jù, lójú tèmi. Wọ́n ń jẹ ẹ́ ní tútù, wọ́n ń fún un, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n ń fi èyí tí kò tíì pọ́n ṣe oríṣiríṣi nǹkan. Ọ̀rá inú kóró rẹ̀ wúlò fún ọṣẹ àti ìpara, igi rẹ̀ tó ti gbó sì ṣeé là sí pákó. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba oje rẹ̀ ni kó ṣọ́ra, torí ó máa ń sú èèyàn lára.

Agbára píà wà nínú òróró tó kún ẹran ara èso rẹ̀, wọ́n ń fún un fún oúnjẹ àti ìpara. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń sin ewúrẹ́, ehoro, ẹṣin tàbí ẹyẹ, ẹ gbọ́ dáadáa: oró kan tí wọ́n ń pè ní persin, tó wà nínú ewé, èèpo àti kóró píà, lè pa wọ́n. Ẹ má gbìn ín síbi tí ẹran lè ti nawọ́ mú ewé rẹ̀.

Ohun kan wà tí píà fi ju máńgòrò lọ. Kì í rọ̀ lórí igi. Ẹ lè fi èyí tó ti gbó sílẹ̀ sórí igi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ máa já a díẹ̀díẹ̀, á wá rọ̀ nínú ilé. Máńgòrò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti pọ́n, ẹ já a lọ́jọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ lẹ máa bá a.