Ilé Àyẹ̀wò Tó Bá Wa Rí Oògùn Tó Ràn

Ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní Ìbàdàn la ti yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá mi wò, nígbà tí ara gbígbóná wọn kọ̀ tí kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ ceftriaxone, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Obìnrin tó gba ẹ̀jẹ̀ náà fi òwú àti spírítì nu apá wọn, ó ní sùúrù títí ó fi gbẹ, ó sì fa ẹ̀jẹ̀ láti apá méjèèjì sínú ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí kòkòrò orí awọ ara lè bọ́ sínú ìgò kí ó sì ṣi dókítà lọ́nà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n pè wá: kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Klebsiella ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ceftriaxone kò lè pa á mọ́, ṣùgbọ́n meropenem, oògùn apakòkòrò mìíràn, ṣì ń pa á. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n yí oògùn padà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, bàbá béèrè ẹ̀kọ mímu fúnra wọn.

Owó àyẹ̀wò náà wọ́n, wọn kì í sì í gba ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, èyí tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Síbẹ̀, ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ ló dùn mí jù: wọn kò gba ẹ̀jẹ̀ kankan kí wọ́n tó fún bàbá ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà náà gan-an ni kòkòrò rọrùn jù láti rí.