Wọn Kò Jẹ́ Kí A Tètè Gbé Ọmọ Lọ Sílé: Àyẹ̀wò Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ìkókó Kan ní Ìbàdàn

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn ni mo bímọ sí, mo sì yàn án nítorí pé mo ní myasthenia gravis, àìsàn tí èròjà ààbò ara ẹni fi ń dí ojú ibi tí iṣan ti ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ, tí ìpéǹpéjú fi ń wálẹ̀, tí apá àti ẹsẹ̀ sì ń tètè rẹ̀. Èròjà yìí kan náà a máa gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ. Nínú ọmọ 10 tí irú wa bá bí, ó lè mú 1 tàbí 2, kódà bí àìsàn ìyá kò bá le.

Ohun tí mo fi gba tiwọn ni pé igbe àkọ́kọ́ kò tàn wọ́n jẹ. Ọmọ mi ké dáadáa, ìyá ọkọ mi sì ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àgbà fi sùúrù sọ fún un pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àmì rẹ̀ lè má hàn títí di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná.” Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọmọ kò lè fa ọmú mọ́, wàrà ń ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, igbe rẹ̀ sì dà bí ti ọmọ ológbò. Nọ́ọ̀sì wọ ìbọ̀wọ́, ó ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì mi orí. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú rẹ̀ dé ikùn, wàrà mi ni wọ́n ń gba ibẹ̀ fún un, wọ́n sì ń fún un ní neostigmine, oògùn tí ń jẹ́ kí iṣan tún máa gba àṣẹ ọpọlọ, ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ títí tó fi tún ń fà á fúnra rẹ̀. Èròjà tí ọmọ gbà lára ìyá sábà máa ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Wọ́n tún kọ ọ́ gàdàgbà sára fáìlì mi pé kí ẹnikẹ́ni má fún mi ní magnesium sulphate, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún aboyún tí gìrì ń mú, nítorí ó ń dá kún àárẹ̀ iṣan.

Àbùkù wọn kò kéré ṣá o. Neostigmine kò sí ní ilé oògùn wọn, ìta ni ọkọ mi ti lọ wá a lóru. Àga oníke lásán ni wọ́n sì ní kí ìyá tí ọrùn rẹ̀ kò dúró jókòó sí. Ẹni tó bá ní irú àìsàn mi, tó sì mọ ibi tí mo ń sọ, kí ó béèrè oògùn náà lọ́wọ́ wọn kí oṣù rẹ̀ tó pé, kí ó sì gbé ìrọ̀rí tirẹ̀ dání.